Bí Ọrùn Ẹsẹ̀ Bá Rọ́: Ìrora Lè Lọ, Kí Ìdúró Eléré Má Tíì Padà

Kò sí pápá ìṣeré kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìbáà ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìkìrun tàbí ilẹ̀ gbalasa tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ní Ẹdẹ, tí irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kò ti ṣẹlẹ̀ rí. Agbábọ́ọ̀lù kan fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù. Nígbà tí yóò balẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni ó tẹ̀, tàbí etí kòtò kékeré kan tí àgbàrá òjò ti gbẹ́ sílẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú, ọrùn ẹsẹ̀ rọ́, ó sì ṣubú. Wọ́n da omi tútù sí i, wọ́n fi ìpara gbígbóná pa á, ọ̀rẹ́ méjì sì gbé e léjìká lọ sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìrora ti lọ, wíwú ti rọlẹ̀, ọmọ náà sì ti padà sórí pápá. Kò pé oṣù kan, ẹsẹ̀ kan náà tún rọ́, níbi tí kò sí kòtò, tí ẹnikẹ́ni kò sì fara kàn án.

Nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn kan á ní ọmọ náà kì í wolẹ̀ kí ó tó sáré. Àwọn mìíràn á ní eegun rẹ̀ kò le. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn á fura sí ọwọ́ ayé. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn fi hàn pé ìdí rẹ̀ sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrora ni ó ti lọ. Agbára tí ara fi ń dúró déédéé lórí ẹsẹ̀ náà ni kò tíì padà. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí ọ̀ràn náà ṣe rí fún àwọn eléré ìdárayá, àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, kí a sì fi ìtọ́jú tí kò náni lówó hàn wọ́n.

Ohun tí ó ń bàjẹ́ nínú ọrùn ẹsẹ̀

Eegun méjì ni ó ti orúnkún sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀. Ìparí àwọn méjèèjì ni kókó tí a ń fọwọ́ bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, tí a ń pè ní kókósẹ̀. Níbi tí wọ́n ti pàdé eegun ẹsẹ̀ gan-an ni ọrùn ẹsẹ̀ wà. Àwọn eegun wọ̀nyí kò lè dá dúró lórí ara wọn. Ọ̀já iṣan líle ni ó dè wọ́n pọ̀, bí okùn ṣe ń di igi àjà pọ̀ kí ilé má baà yẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ òde, ọ̀já mẹ́ta ni ó wà. Èyí tí ó wà níwájú nínú wọn ni kò nípọn tó, òun náà sì ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá yí sínú. Bí agbára ìyípo náà bá pọ̀ sí i, èyí tí ó so kókósẹ̀ òde mọ́ eegun gìgísẹ̀ á tún fara gbá a. Ọ̀já náà lè nà ju bí ó ṣe yẹ lọ, ó lè ya díẹ̀, ó sì lè já pátápátá. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ ẹnìkan fi lè sàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tí ti ẹlòmíràn sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ ọ̀já wọ̀nyí ju dídè lọ. Orí àwọn fọ́nrán ìmọ̀lára tín-tìn-tín wà nínú wọn, tí wọ́n ń ròyìn fún ọpọlọ ní ìṣẹ́jú àáyá gbogbo: ibi tí ẹsẹ̀ wà, ìhà tí ó ń tẹ̀ sí, bí ó ṣe ń yára tó. Ní ọdún 1965, dókítà eegun kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Michael Freeman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé àlàyé kan jáde tí ó yí ìtọ́jú ẹsẹ̀ rírọ́ padà. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀já bá ya, àwọn fọ́nrán tí ń ròyìn yìí náà máa ń bàjẹ́, ìyẹn ni ẹsẹ̀ fi ń yẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti dà bí ẹni pé ó sàn. Wọ́n gbé àwọn aláìsàn wọn dúró lórí pákó pẹrẹsẹ tí nǹkan roboto wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa kọ́ ìdúró lórí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kò ní ìṣòro ẹsẹ̀ yíyẹ̀ tó àwọn tí wọn kò ṣe é.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí ọpọlọ ń gbọ́ tẹnu wọn

Kí ènìyàn tó lè dúró kí ó má ṣubú, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni ọpọlọ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Èkínní ni ojú, tí ó ń rí ibi tí ilẹ̀ dọ́gba àti ibi tí kò dọ́gba. Èkejì ni inú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ara ti ń mọ̀ bóyá orí dúró ṣánṣán tàbí ó tẹ̀. Ẹ̀kẹta ni iṣan, oríkèé àti awọ àtẹ́lẹsẹ̀, tí wọ́n ń sọ bí ẹsẹ̀ ṣe tẹlẹ̀. Ọpọlọ á gba ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á sì pàṣẹ fún iṣan ẹsẹ̀ láti fà níhìn-ín, kí ó dẹ̀ lọ́hùn-ún. Kíákíá ni gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, ènìyàn kì í mọ̀ sí i.

Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá ti rọ́, ẹlẹ́rìí kẹta kò sọ̀rọ̀ ketekete mọ́. Ọpọlọ á wá gbára lé ojú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ lè dán èyí wò fúnra yín. Ẹ dúró lẹ́bàá ògiri, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kí ẹ sì pa ojú dé. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àní bí kò bá tilẹ̀ rọ́ rí. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó ti rọ́ ni, gbígbọ̀n náà á pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ kejì á sì tètè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá rántí pé lórí pápá, ojú agbábọ́ọ̀lù kò sí lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni ó ń wò, alátakò ni ó ń wò. Ojú tí ẹsẹ̀ aláìlera gbára lé ti wà níbòmíràn. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ ń yẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a kíyèsí. Àwọn olùwádìí ti rí i pé lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ kan bá rọ́, ìdúró lórí ẹsẹ̀ kejì tí nǹkan kò ṣe náà lè dínkù fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ọ̀ràn náà ti dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ tí ń darí ẹsẹ̀ méjèèjì. Nítorí náà, kí a má ṣe fi ẹsẹ̀ kejì nìkan ṣe òṣùwọ̀n pé eléré ti sàn.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland, wọ́n tọpasẹ̀ àwọn ènìyàn tí ọrùn ẹsẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2016. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí 40 nínú 100 wọn ni ẹsẹ̀ wọn ti di èyí tí ń yẹ̀ lemọ́lemọ́. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè lé ọ̀dọ́ tí ó ní ẹ̀bùn kúrò nínú eré. Bí ìfarapa náà bá sì ń tún ara rẹ̀ ṣe, kèrékèré inú oríkèé lè jẹ, kí ìrora má sì lọ mọ́ nígbà àgbà. Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ó lé ìrora lọ, tí ó fi ìdúró sílẹ̀, làpálàpá ni ó pa.

Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́

Bí ẹsẹ̀ bá rọ́, kí eléré dúró lójú ẹsẹ̀. Kí ó má ṣe parí ìdíje náà pẹ̀lú ìfaradà. Kí ó jókòó, kí ó gbé ẹsẹ̀ sókè sórí ìrọ̀rí tàbí àga. Kí a fi aṣọ wé omi dídì, kí a gbé e lé ibi tí ó wú fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí a sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́. Kí omi dídì má ṣe kan awọ ara lásán. A lè fi báńdéèjì wé e kí wíwú lè dínkù, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fún débi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yóò kú tipiri.

Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, kí a yẹra fún omi gbígbóná, ìpara gbígbóná àti fífi ọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n tọ́ dàgbà pẹ̀lú aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná, ìfẹ́ ni àwọn ìyá wa sì fi ń ṣe é. Àmọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń sun nínú ọ̀já tí ó ya, ooru àti ìfọwọ́wọ́ lè mú kí wíwú pọ̀ sí i. Fífa ẹsẹ̀ kí ó dún gbàù lóyún ewu jùlọ, nítorí pé eegun lè ti sán láìjẹ́ pé a mọ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá eegun ti sán? Ní ọdún 1992, àwọn dókítà ní ìlú Ottawa ní Kánádà gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí àwọn ilé-ìwòsàn káàkiri ayé ń lò títí di òní. Ó yẹ kí a ya àwòrán ẹ́síréè bí ó bá jẹ́ pé:

• ẹni náà kò lè rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, lójú ẹsẹ̀ tí ó farapa àti nígbà tí ó dé ilé-ìwòsàn;
• ó ń dùn ún bí a bá tẹ ẹ̀yìn tàbí orí kókósẹ̀ inú tàbí ti òde;
• ó ń dùn ún bí a bá tẹ eegun tí ó yọ sóde ní àárín ẹ̀gbẹ́ òde ẹsẹ̀, tàbí eegun ẹ̀gbẹ́ inú tí ó kọjú sí i.

Bí ọ̀kan nínú wọ̀nyí bá wà, ilé-ìwòsàn ni ó kàn. Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i fún ọmọdé, nítorí pé ibi tí eegun ti ń dàgbà lè farapa nígbà tí àwọn òbí rò pé ẹsẹ̀ lásán ni ó rọ́.

Bí a ṣe ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìdúró padà

Ìsinmi pátápátá kò gbọdọ̀ pẹ́ jù. Bí ìrora bá ti ń rọlẹ̀, kí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìpele mẹ́rin ni a lè pín in sí, kí eléré má sì ṣe bọ́ sí èyí tí ó kàn títí tí yóò fi lè ṣe èyí tí ó wà lọ́wọ́ láìsí ìrora.

Ìpele kìíní ni kí oríkèé padà máa yí dáadáa. Kí eléré jókòó, kí ó gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ a, b, d títí dé òpin nínú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí ó dúró lẹ́bàá ògiri, kí ó máa gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, kí ó máa rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, láti fún iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lókun.

Ìpele kejì ni ìdúró lẹ́sẹ̀ kan. Kí ó yọ bàtà, kí ó tẹ orúnkún díẹ̀, kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ tí ó rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ògiri tàbí àga wà nítòsí tí ó lè dì mú. Bí èyí bá ti rọrùn, kí ó máa yí orí sọ́tùn-ún sósì níbi tí ó dúró sí, lẹ́yìn náà kí ó pa ojú dé. Ojú tí a pa dé yìí ni ó ń fi ipá mú ẹlẹ́rìí kẹta láti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ìpele kẹta ni ìdúró lórí ohun tí kò dúró sójú kan. Kò dìgbà tí a bá ra pákó àwọn dókítà. Ìrọ̀rí tàbí ẹní tí a ká ní ìlọ́po mẹ́rin ti tó. Kí eléré dúró lé e lẹ́sẹ̀ kan, kí ẹnìkejì máa ju bọ́ọ̀lù sí i, kí ó máa hán an. Níbí ni ojú ti kúrò lára ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń rí lórí pápá.

Ìpele kẹrin ni fífò àti bíbalẹ̀. Kí ó fi ẹsẹ̀ kan fò síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún àti sósì. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá balẹ̀, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí ó sì dúró gbọin fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ó tó tún fò. Eré súwẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń fi èédú tàbí igi fà sílẹ̀ bá iṣẹ́ yìí mu gan-an: ẹsẹ̀ kan ni a fi ń fò ó, a kò gbọdọ̀ tẹ ìlà, a sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mú òkúta láìfi ẹsẹ̀ kejì kanlẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tí ó ń fi súwẹ̀ tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe eré ọmọdé rárá. Lẹ́yìn èyí ni sísáré pẹ̀lú ìyípadà òjijì lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́

Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n pín eléré ìdárayá 522 tí ọrùn ẹsẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ sí ọ̀nà méjì. Gbogbo wọn gba ìtọ́jú tí wọ́n máa ń gbà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìpín kan tún fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe eré ìdúró nínú ilé wọn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, láìsí ẹni tí ń ṣọ́ wọn. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Láàárín ọdún kan, ẹsẹ̀ tún rọ́ fún 33 nínú 100 àwọn tí kò ṣe é, ó sì jẹ́ 22 péré nínú 100 àwọn tí ó ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama 765 tí ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti básíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tí ó ṣe eré ìdúró sì bọ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ rírọ́ ju àwọn yòókù lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ilẹ̀ òyìnbó nìyẹn, ẹ jẹ́ kí a wo Èkó. Àwọn onímọ̀ físíòtẹ́rápì ní Yunifásítì Èkó kó ikọ̀ 20 jọ nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́, agbábọ́ọ̀lù 416 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 14 sí 19. Ikọ̀ mẹ́wàá fi oṣù mẹ́fà ṣe ètò ìmúragbóná tí àjọ FIFA gbé kalẹ̀, èyí tí ìdúró lẹ́sẹ̀ kan àti fífò wà nínú rẹ̀. Ikọ̀ mẹ́wàá yòókù ń ṣe tiwọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014, ìfarapa lápapọ̀ dínkù pẹ̀lú 41 nínú 100 láàárín àwọn tí ó ṣe ètò náà, ti itan títí dé ẹsẹ̀ sì dínkù pẹ̀lú 48 nínú 100. Orí irú pápá tí a ní níhìn-ín ni àwọn ọ̀dọ́ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ìgbà wo ni eléré lè padà?

Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá má ṣe bi eléré ní ìbéèrè kan ṣoṣo náà pé, "Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?" Ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ gbá àṣekágbá á ní rárá. Ẹsẹ̀ ni kí a bi. Ṣé ó lè dúró lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láìgbọ̀n púpọ̀? Ṣé ó lè fi í fò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó má yẹ̀? Ṣé ó lè sáré yípo láàárín àwọn òkúta tí a tò sílẹ̀ láìtiro?

Àyẹ̀wò kan tún wà tí kò gbà ju tééèpù ìwọ̀n lọ. Kí eléré dúró lẹ́sẹ̀ kan lẹ́yìn ìlà tí a fà sílẹ̀, kí ó na ẹsẹ̀ kejì síwájú bí ó bá ṣe lè jìnnà tó, kí ó fi ọmọ ìka rẹ̀ kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì fà á padà láìṣubú. Kí a wọn bí ó ṣe jìnnà tó, kí a sì ṣe ti ẹsẹ̀ kejì bákan náà. Ìwádìí kan láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 2006, fi hàn pé àwọn tí ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì wọn ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ máa ń farapa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Nítorí pé ẹsẹ̀ kejì náà lè ti rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí ó dára jù ni kí àwọn olùkọ́ wọn àwọn eléré wọn kí sáà ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àjákọ kan ti tó fún gbogbo ikọ̀.

Fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí eléré bá padà, wíwé ọrùn ẹsẹ̀ tàbí wíwọ ìdè rẹ̀ tún lè dáàbò bò ó. Àmọ́, ìdè kì í kọ́ ẹsẹ̀ ní ohunkóhun. Kí eré ìdúró máa bá a lọ.

Ohun tí ó kù sí ọwọ́ wa

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá àti akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ fi ìdúró lẹ́sẹ̀ kan kún ìmúragbóná gbogbo ikọ̀, kì í ṣe ti àwọn tí ó ti farapa nìkan. Kí àwọn ọmọ rìn yí pápá ká kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dí kòtò, kí wọ́n sì ṣa òkúta àti ìgò kúrò. Ẹ̀yin òbí, bí ẹsẹ̀ ọmọ yín bá ń rọ́ lemọ́lemọ́, ẹ má ṣe kà á sí àìkíyèsára tàbí ọ̀ràn ilé ayé. Ẹ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn, kí ẹ sì béèrè fún àwọn oníṣẹ́ físíòtẹ́rápì. Wọ́n wà ní ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti wo ibi tí àìlera wà gan-an.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìdíje kan tí ẹ kò gbá kò lè pa ẹ̀bùn yín run. Ìdíje kan tí ẹ kánjú gbá lè pa á run. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ní àárọ̀ ọ̀la, bí ẹ bá ń fọ eyín, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kí ẹ sì wo bí èyí tí ó kù nílẹ̀ yóò ṣe dúró pẹ́ tó. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.